Omi Tí Mọ́mì Àgbà Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

"Yusrah, wá wò ó. Omi yìí mà jìnnà sí wa o."

Mọ́mì Àgbà gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin tó yí òkè ọkọ̀ ká, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Òkun Mẹditaréníà tẹ́ lọ níwájú wọn títí tó fi lọ pàdé ojú ọ̀run. Omi tó dúdú nígbà tí wọ́n jí kírun Sùbúhì ti ń di búlúù díẹ̀díẹ̀, ó ń dán, ó ń mì, kò sì sí ilẹ̀ kankan níbi tí ojú lè tó. Ọkọ̀ tó gbé wọn náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sí àárín Aylesbury Estate nítòsí ilé wọn ní London, ẹ ó rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé gogoro mìíràn kún àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Òkè téńté rẹ̀ ni ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ rẹ̀ yìí wà.

"Mo ti rí i, Mọ́mì Àgbà. It's really nice," ni Yusrah wí. Kò rí nǹkan kan. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ kan, fóònù ló ń wò.

"Ojú wo lo fi rí i?"

"Mọ́mì Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ now."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú padà sí omi wọn.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ mọ bí ìyá tó ń gbé Peckham ṣe dé àárín òkun. Ọmọ Hàlímọ̀tù ni Yusrah, Mọ́mì Àgbà ló sì bí Hàlímọ̀tù. Láti ìgbà tí ìyá yìí ti ń wọ bàálù láti Èkó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ ní London, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Peckham, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó. Bí bàálù bá ti kọjá aṣálẹ̀, omi ńlá kan á yọ nísàlẹ̀. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì wọ́n pé omi wo nìyẹn, ẹni náà á ní Mẹditaréníà ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ ti ń wá gbọ̀ngàn tí wọn ó fi ṣe ayẹyẹ. Ìyá ní rárá. Wọ́n ní, "Omi tí mò ń fò kọjá lórí láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́ kàn án."

Àwọn ọmọ pawọ́ pọ̀, wọ́n gba àyè fún wọn nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń ti ìlú dé ìlú létí òkun náà. Hàlímọ̀tù ló yẹ kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Forest Hill kò fún un láyè. Yusrah ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama, tán, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, òun ni wọ́n yàn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Hàlímọ̀tù di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Eékún ń dùn wọ́n. Fóònù wọn ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ lojú wọn, ìwọ lẹsẹ̀ wọn. Má fi wọ́n sílẹ̀ níbì kankan o, Yusrah."

"Mummy, I swear down. Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀."

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bàrákàt Adéolú lorúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù Mọ́mì Àgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ní Peckham, láti mọ́ṣáláṣí dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran ní Rye Lane, Ìyá Sàká ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí Sàká ni àkọ́bí wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n wọ ọkọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lára ògiri yàrá wọn ṣàdédé sọ̀rọ̀, ó ń pe orúkọ àwọn èrò kan pé kí wọ́n wá sí ibi báyìí. Mọ́mì Àgbà wo ògiri, wọ́n wo Yusrah.

"Tó bá jẹ́ orúkọ tèmi ló pè ńkọ́?"

"Ẹ kàn máa lọ bá wọn ni."

"Èmi kọ́. Ẹni tó bá pè mí tí mi ò rójú ẹ̀, mi ò ní dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Kó yọjú, kó wá síwájú mi."

"Mọ́mì Àgbà, captain ni o."

"Captain náà, kó yọjú."

Yusrah rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ọkọ̀ náà kún fún ohun ìyanu. Ó ní ilé eré, ó ní ọgbà tí wọ́n gbin igi sí, líìfùtù rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun tó ya Mọ́mì Àgbà lẹ́nu jù ni pé èèyàn lè wà lórí omi tọ̀sán tòru kó má rí omi fọwọ́ kàn. Ọkọ̀ ga jù. Bó bá gúnlẹ̀ sí èbúté, orí kọnkéré ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí, bọ́ọ̀sì á sì gbé wọn wọ ìgboro lọ. Ní Palma, ìlú kan ní Sípéènì, wọ́n mú wọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó dúró gàgàrà sétí òkun. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi wọlé, ó ń dà sára ìbòrí funfun tí Mọ́mì Àgbà wé, ó di pupa, ó di àwọ̀ ewé. Ìyá náà na àtẹ́lẹwọ́, wọ́n jẹ́ kí àwọ̀ náà bà lé e. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n tọ́ka sí omi tó ń dán ní ìsàlẹ̀ odi. Bọ́ọ̀sì ti ń fun fèrè. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Ó di ìlú tó kàn."

Ibi omi ìlúwẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni Yusrah ti pàdé Bethany àti Malachi. Ìbejì ni wọ́n, ọmọ Sydenham ní London, àwọn náà bá òbí wọn wá ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ya fídíò ijó, èèyàn púpọ̀ ló sì ń wò wọ́n lórí fóònù. Bethany wo bí Yusrah ṣe ń gbésẹ̀, ó ní, "Yusrah, o mọ̀ ọ́n jó o. Wá wà nínú tiwa." Orí Yusrah wú. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Peckham, kò sí ẹni tó pè é sí nǹkan báyìí rí. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ ti kúrò lára òkun, kúrò lára ìyá àgbà, tó dúró sórí fóònù.

Ní Palermo, ìlú kan ní erékùṣù Sísílì, ọkùnrin amọ̀nà kó wọn lọ síwájú kàtídírà àtijọ́ kan. Yusrah ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń tẹ ìsọfúnni sí Bethany. Ó kàn rí i pé gbogbo èèyàn dúró. Amọ̀nà náà fọwọ́ kan òpó òkúta kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ilé yìí tó di ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí ti wà níbẹ̀ rí, àti pé ọ̀rọ̀ Kùránì ni wọ́n gbẹ́ sára òpó náà, tí kò sì sí ẹni tó pa á rẹ́ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá. Mọ́mì Àgbà rọra gba àárín èrò kọjá. Wọ́n gbé ojú sún mọ́ òkúta náà. Wọn ò tètè mọ àwọn lẹ́tà náà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará ayé ijọ́un ni. Ṣùgbọ́n amọ̀nà sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, pé Ọlọ́run ni ó ń fi òru bo ọ̀sán, tí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ sì ń gbọ́ àṣẹ Rẹ̀. Ẹnu Mọ́mì Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n ké e jáde ní Lárúbáwá láti orí, ní ohùn kékeré tí wọ́n fi ń kà á nílé kéú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Amọ̀nà ṣí fìlà. Yusrah sọ fóònù sínú àpò láìmọ̀, ó sún mọ́ wọn. Ìyá tó ń bá a jà nítorí abọ́ tí kò fọ̀ ní Peckham rèé, òkúta ilẹ̀ òkèèrè ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́.

Bí wọ́n ti ń padà lọ sínú ọkọ̀, Mọ́mì Àgbà di apá rẹ̀ mú. "Yusrah, Naples ló kẹ́yìn. Ṣé a máa dé etí omi báyìí?"

"Promise, Mọ́mì Àgbà. Èmi àti ẹ̀yin. A jọ máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Mo fẹ́ kóo wà níbẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án. Kí n lẹ́ni tí mo máa sọ fún."

"Mo máa wà níbẹ̀."

Ní Naples, ìlú kan ní Ítálì, òkè kan tó ti yọ iná rí ló kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀, ó dúró gàgà lẹ́yìn ìlú, ìkùukùu díẹ̀ lórí rẹ̀. Mọ́mì Àgbà wò ó títí. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ̀ lé bọ́ọ̀sì kankan. Wọ́n ń rìn lọ sí etí omi níwọ̀n bí eékún ìyá ṣe gbà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí eékún fi ní òun fẹ́ sinmi, wọ́n bá yà sínú gbọ̀ngàn ìtajà àtijọ́ kan. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì, ó ga débi pé ẹyẹ ń fò nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nítòsí obìnrin tó ń ta ìpápánu.

Ibẹ̀ ni Bethany àti Malachi ti rí wọn.

"Good afternoon, Grandma," ni àwọn ìbejì wí, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, ilé ire ni wọ́n ti wá. Bethany fa Yusrah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ilé olódi kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún, rélùwéè kékeré ló ń gbé èèyàn lọ. Gbogbo ìlú lo máa rí. Ibẹ̀ la ti fẹ́ ya èyí tó kẹ́yìn. Ìwọ nìkan ló kù."

"Mo wà pẹ̀lú grandma mi. A fẹ́ lọ sétí omi."

"Omi ò lọ síbì kankan, Yusrah," ni Malachi wí. "Kíá la máa dé."

Yusrah wo ìyá àgbà. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, kò kàn sọ ọ́ ni. Ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì.

"Mọ́mì Àgbà, ẹ jókòó síbí, ẹ sinmi. Five minutes, mo ti dé. Lẹ́yìn náà, a máa lọ sétí omi straight."

"Mummy ẹ ní kóo má fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi yín sílẹ̀ now. Mò ń bọ̀."

"Alásárì ò ní pẹ́ wọlé o."

"Mo ti máa dé kó tó wọlé."

Rélùwéè gbé wọn gòkè. Nígbà tí Yusrah jáde sórí ilé olódi náà, ó gbàgbé ara rẹ̀. Gbogbo Naples tẹ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òrùlé lórí òrùlé, ilé ìjọsìn lóríṣiríṣi, òkè oníná ní ọwọ́ òsì, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ sì ni òkun búlúù tó gba ibi gbogbo. Ó yà á lẹ́nu pé ayé fẹ̀ tó báyìí, pé òun ọmọ Peckham ló dúró síbí tó ń wò ó. Wọ́n jó, Malachi yà á. Kò tẹ́ Malachi lọ́rùn, wọ́n tún jó. Oòrùn bọ́ sójú kámẹ́rà, wọ́n sún síbòmíràn. Wọ́n ra yìnyín dídùn lá. Bethany ní kí wọ́n tún un jó lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú Yusrah ń dùn. Ìgbà tó rí i pé òjìji òun ti gùn lórí òkúta ló tó rántí Mọ́mì Àgbà.

Nígbà tí wọ́n padà dé gbọ̀ngàn, bẹ́ǹṣì ṣófo.

Obìnrin ìpápánu mọ ẹni tó ń wá. Ó sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè rẹ̀, ó ń nawọ́ síta, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú bí ẹni tó ń bọ́jú. Yusrah kò lóye kankan. "Bóyá wọ́n ti padà sínú ọkọ̀," ni Bethany wí. Wọ́n sáré dé èbúté. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ó ní ìyá náà kò tíì wọlé. Ó kàn sí àwọn ọlọ́pàá, wọ́n gba orúkọ, wọ́n ní àwọn á fi mọ́tò yí ìlú ká.

Ọkọ̀ fun fèrè. Òbí àwọn ìbejì ti ń ké pè wọ́n láti òkè. Bethany dì mọ́ Yusrah, omi wà lójú rẹ̀. "A máa text ẹ. Sorry, Yusrah." Òun àti Malachi sáré wọlé. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ti lọ ṣí àpótí inú yàrá wọn, ó kó páásípọ́ọ̀tù méjèèjì àti oògùn Mọ́mì Àgbà jáde, ó fi wọ́n lé obìnrin kan tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní èbúté lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ kò lè dúró mọ́. Bí Yusrah bá fẹ́ wọlé, kó wọlé nísinsìnyí. Bó bá fẹ́ dúró, obìnrin yìí á wà pẹ̀lú rẹ̀.

"Mò ń dúró," ni Yusrah wí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú mọ́tò obìnrin náà ló ti pe ìyá rẹ̀. Hàlímọ̀tù wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Yusrah, báwo ni? Ìyá mi dà?"

Ó lè parọ́. Ó lè ní wọ́n ṣìnà mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín èrò. "Mummy, mo fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Mo lọ ya fídíò. Mi ò rí wọn mọ́. Ọkọ̀ ti ń lọ."

Hàlímọ̀tù kò pariwo. Ìyẹn dun Yusrah ju ìgbátí lọ.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ kẹ́yìn?"

"Wọ́n ní Alásárì fẹ́ wọlé."

"Kí sì ni ìyá mi máa ń wá kí wọ́n tó kírun?"

Yusrah rí ọwọ́ obìnrin ìpápánu lójú ara rẹ̀, bó ti ń fi í pa ojú. Àlùwàlá. Omi. Ó wá dà bí ẹni pé ẹnì kan tan iná sí i lórí. Ohun kan ṣoṣo ni Mọ́mì Àgbà ti ń béèrè láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, òun sì ti ń dáhùn láìgbọ́.

"Etí òkun," ló sọ fún obìnrin tó ń wa mọ́tò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó bá súnmọ́ gbọ̀ngàn ìtajà yẹn jù."

Ojú ọ̀nà gbọọrọ kan ló wà létí omi, tí òkúta ńláńlá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò ọlọ́pàá ń rọra lọ níwájú wọn, gbohùngbohùn orí rẹ̀ ń ké tantan pé, "Signora Barakat Adeolu! Signora Barakat Adeolu!" Gbogbo èèyàn ń wo mọ́tò náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wò ó. Ó jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ kan, ó kẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń fa tèsùbáà.

Yusrah sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta dé orí òkúta. Kò pè wọ́n láti ẹ̀yìn. Ó yí lọ síwájú wọn kí wọ́n lè rí ojú òun, ó wá kúnlẹ̀.

"Mọ́mì Àgbà, èmi ni."

Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé nǹkan ò ṣe ẹ́?"

"Nǹkan kan ò ṣe mí. Mọ́mì Àgbà, wọ́n ń pè yín. Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè mí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́, ohùn tí mi ò mọ̀ ń pè é nínú afẹ́fẹ́, nílùú tí ẹnì kan ò ti mọ̀ mí. Ìwọ, ṣé wàá dáhùn? Mo kàn ń ka Ayatul Kursiyyu tèmi fún ààbò ni."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé Yusrah. Ó gbé orí lé itan ìyá àgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mọ́mì Àgbà kò tètè fọwọ́ kàn án.

"Inú bí mi, Yusrah. Má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ. Mo dúró dè ọ́ títí, mo rò pé nǹkan ti ṣe ẹ́. Nígbà tí Alásárì fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fọwọ́ ṣàpèjúwe omi fún obìnrin yẹn, ó nawọ́ síbí. Mo ń rọra wọ́ ẹsẹ̀ títí mo fi dé." Wọ́n tọ́ka sí omi. "Mo ti fọwọ́ kàn án. Mo fi ṣe àlùwàlá. Ó tutù, ó sì móoru díẹ̀ nísàlẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lẹ́nu. Inú mi dùn, mo yíjú pé kí n sọ fún ẹ. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun máa wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mọ́mì Àgbà fọwọ́ kan omi tí wọ́n ń fò kọjá láti ọjọ́ yìí ti kọjá, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mú un padà wá fún un.

Fèrè ńlá kan dún láti èbúté. Ọkọ̀ wọn yọ jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ̀ ọ́, wọn ò tíì rí i níbi tó ti ń lọ lójú omi. Ó funfun, ó ga, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kùn ún ní àwọ̀ wúrà láti orí dé ìdí, gbogbo fèrèsé rẹ̀ ń tàn, òkè oníná dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rọra lọ láìsí ariwo, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ìgbì tó rú sókè wá bá wọn létí òkúta, ó fọ ẹsẹ̀ Mọ́mì Àgbà, ó fọ eékún Yusrah.

"Súbúhánàlláhì," ni Mọ́mì Àgbà wí. "Inú ẹ̀ la wà yẹn?"

"Inú ẹ̀ la wà, Mọ́mì Àgbà."

"Ká ṣì wà nínú ẹ̀ ni, à bá má rí i báyìí." Wọ́n wò ó títí ó fi kéré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ọwọ́ Yusrah mú, wọ́n rì í bọ inú omi pẹ̀lú tiwọn. "Òun nìyí. Wò ó dáadáa."

Yusrah wò ó. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú omi, ọ̀kan hun jọ, ọ̀kan ń dán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá Mọ́mì Àgbà wo òkun náà láti ìgbà tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Rélùwéè ló gbé wọn lọ sí èbúté kan lẹ́bàá Róòmù, níbi tí ìrìn àjò ọkọ̀ parí sí, tó sì kó ẹrù wọn kalẹ̀ sí lọ́jọ́ kejì. Ìlú Róòmù náà, tí wọ́n fẹ́ wò kí bàálù tó gbé wọn padà sílé, ojú fèrèsé rélùwéè ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí wọ́n dé Peckham, Hàlímọ̀tù ní kí Yusrah fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún Uncle Sàká àti àwọn yòókù. Ó sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, kò fi èyíkéyìí pa mọ́. Ó ṣe díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó tún fi ọ̀rọ̀ Mọ́mì Àgbà lé e lọ́wọ́.

Bethany fi fídíò náà ránṣẹ́. Ó dára gan-an, èèyàn sì ń yìn ín. Yusrah wo ara rẹ̀ tó ń jó tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀nà etí omi hàn fírífírí, òkúta sì wà létí rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó jìnnà jù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun ti ń jó yìí, ìyá kan wà níbẹ̀ tó fọwọ́ kan omi, tó yíjú, tí kò rí ẹni tó máa sọ fún. Kò tún fídíò náà wò mọ́.

Ohun tí ó kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí sì lè kọ́ ọ lára rẹ̀ láìjẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ayé kún fún ohun ìyanu, kò sì burú láti gun òkè lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹnì kan pé ẹ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ohun tí àwọn àgbà yín ń béèrè, kì í ṣe kí ẹ kàn máa dá wọn lóhùn. Ọ̀rẹ́ á pè yín, ọ̀rẹ́ á sì bá tirẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá fun fèrè. Àkókò tó bá sì ti kọjá, ẹ̀bẹ̀ kò lè dá a padà.

Láìpẹ́ yìí, Yusrah mú Mọ́mì Àgbà lọ sí ọsibítù nítorí eékún. Wọ́n jókòó láàárín èrò, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri sì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Barakat Adeolu." Mọ́mì Àgbà kò mira. Ó tún pè. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyyu lábẹ́lẹ̀.

Fóònù Yusrah wà nínú àpò. Ó dìde, ó wá síwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú òun àti tiwọn lè ṣe mẹ́rin.

"Mọ́mì Àgbà, èmi ni. Àwa ni wọ́n ń pè."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá náà wí, wọ́n na ọwọ́ sí i kó gbé wọn dìde. "Ìwọ ni mò ń dúró dè."